Ọjọ́ Tí Ìdí-Ìyeyè Ò Fọnu Tán

"Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá Dékúnlé. Àwẹ̀ró, ọmọ aláró, ọmọ a-rẹṣọ-dú-bí-òru-òjò. Ẹ kú oòrùn. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀?"

Ìyàwó ló ń kí i. Inú ògiri ni Ìyàwó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ ò ju àwo ọbẹ̀ lọ, bàbà ni wọ́n fi ṣe é, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ọmọge tí wọ́n gbé wọlé ọkọ lánàá, tí kò tíì mọ ẹni tó burú nínú ilé. Akíni lorúkọ tí ìjọba fún ẹ̀rọ náà. Àwọn ará Ìdí-Ìyeyè ní irọ́ ni, wọ́n ní ẹni tó bá ń kí tọmọdé tàgbà láàárọ̀ lọ́sàn-án, tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́, ìyàwó tuntun ni. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára.

Àwẹ̀ró ò dáhùn. Pákò wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ti rin ín títí orí rẹ̀ fi fọ́n ká bí ìgbálẹ̀ ògbólógbòó, èrìgì rẹ̀ ti bó, itọ́ ẹnu rẹ̀ sì korò bí ewúro àkọ́pa. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tọ́ka sí pákò náà, ó sì ń fọ eyín lọ.

"Háà, ẹ má bínú, mà," ni Ìyàwó wí. "Mi ò mọ̀ pé ẹ ò tíì fọnu tán. Ẹ fọ ọ́ tán ná. Mò ń retí yín."

Ìlẹ̀kùn ò ṣí.

Àwẹ̀ró dúró díẹ̀ sí i, bóyá àánú yóò ṣe irin. Ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì. Nínú ilé yẹn, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn, ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń wo ọ̀nà. Àwẹ̀ró yí padà, ó fi ẹsẹ̀ tó rọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, bí ẹni tó ń wọ odò tí kò mọ jíjìn rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kúrò lára.

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, lábẹ́ òrùlé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń mu oòrùn sínú, gbogbo àdúgbò ló jókòó síbẹ̀. Arúgbó, aláboyún, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń tún òrùlé ṣe. Gbogbo ẹnu ló ní pákò. Wọ́n ń rin, wọ́n ń tutọ́ sínú agolo, wọ́n ń rin. Bí àjèjì bá yọ sí wọn lójijì, yóò ní ìlú wo lèyí tí ilẹ̀ ti ń mọ́ láti òwúrọ̀, tí kò mọ́ tán?

Wúràọlá sún fún un lórí àga. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń wọ tòbí. Etí Ìyàwó kì í gbọ́ ju ìparí àtẹ̀gùn lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa rí jìnnà, nítorí náà igun ẹnu ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, pákò ò kúrò níbẹ̀.

"Ó tún kí ẹ?"

"Ó kí mi. Ó béèrè ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ! Àwọn ọmọ tí mo fi inú mi bí ò béèrè ẹsẹ̀ mi rí."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, Wúràọlá. Ó mọ èèyàn kí. Bó bá jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, ì bá rọrùn láti dákẹ́ sí i."

Wúràọlá tutọ́. "Wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé jù, ohun tó sì máa pa wọ́n nìyẹn."

Òtítọ́ ló sọ. Wúràọlá yìí gan-an ló rí ọgbọ́n pákò, ìwà ọ̀lẹ rẹ̀ ló sì fi rí i. Ó sùn gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó sáré lọ sí èbúté pẹ̀lú pákò lẹ́nu, Ìyàwó tó wà níbẹ̀ kí i, kò lè dáhùn. Ó ti ń gbọ̀n, nítorí ẹni tí Ìyàwó bá kí tó sì dákẹ́, àfojúdi ni wọ́n ń kọ sí i lọ́rùn, ìlẹ̀kùn ìlú ò ní ṣí fún un títí oṣù á fi lé. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é? Ìyàwó ní kó fọnu tán ná. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti lọ bá àwọn àgbà, wọ́n ti kó gbogbo ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n rí sí i nínú, títí kan èyí tí ìyá kọ́ olúkúlùkù wa: ẹni tí kò tíì fọnu kì í kí èèyàn, a kì í sì í dá a lẹ́bi bí kò bá dáhùn ìkíni.

Akínlàjà rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń tiro nítorí ó ti ń rìn káàkiri láti àárọ̀. Ọkùnrin tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ni, òun ni àdúgbò sì yàn láti máa fọkàn àwọn èèyàn balẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀, ìyàwó gidi, bímọ nínú ilé ìwòsàn yẹn níjẹta. Kò tíì gbé ọmọ náà rí.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ rọjú. Ẹnu kan ni o. Ẹnu kan péré tó bá dáhùn lónìí, wọ́n á ní gbogbo Ìdí-Ìyeyè ló gbà kí wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ."

"A ti gbọ́, Akínlàjà," ni Wúràọlá wí. "Ọmọ ilé kan dáhùn, ilé dáhùn. Àwa la ni òwe yẹn kí wọ́n tó jí i."

"Àti pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sá sínú yàrá. Ẹni tó sùn lọ́jọ́ Ìbéèrè bí òní, tí ìjọba sọ ìdáhùn ìkíni di ìfọwọ́sí, wọ́n ní ó ti gbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa rí yín."

"Ó ń rí wa. Eyín mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níwájú rẹ̀," ni Wúràọlá fèsì.

"Títí oòrùn á fi wọ̀ ni. Bó bá wọ̀, tí kò sí ẹni tó dáhùn, òfin tiwọn fúnra wọn ló sọ pé kí wọ́n rán èèyàn sí wa. Èèyàn ẹlẹ́ran-ara. Wọn ò sì ní lè kó àwọn aláìsàn wa lọ sí Ilé Dígí títí a ó fi jọ sọ̀rọ̀." Ó wo Àwẹ̀ró lójú, ó wo kúlà ọwọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mo mọ̀ pé tiyín le ju ti gbogbo wa lọ, mà."

Àwẹ̀ró mi orí.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó le. Ilé Dígí wà láàárín ọ̀sà, ó ń tàn bí ìgò òróró. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀, ara ògiri ilé rẹ lo ti máa ń wò ó, bí ẹni ń wo àwòrán, ọwọ́ irin ni yóò sì máa bọ́ ọ. Bàbá Dékúnlé kì í jẹun lọ́wọ́ irin. Láti ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń rìn gbéregbère, ọwọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé, ọwọ́ Àwẹ̀ró ni. Bí wọ́n bá gbé e lọ, yóò pa ẹnu dé títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n láti àná alẹ́ ni kò tíì jẹ nǹkan, ìlẹ̀kùn tó wà láàárín òun àti aya rẹ̀ ò sì ní ṣí láìjẹ́ pé Àwẹ̀ró dáhùn. Bó bá dáhùn, ó bọ́ ọ lónìí, ó pàdánù rẹ̀ lọ́la. Bó bá dákẹ́, bóyá ó gbà á lọ́la, ṣùgbọ́n ebi ń pa á lónìí.

Ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Ìjà kì í ṣe àjèjì sí Àwẹ̀ró. Nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì le, òun ni í dárin níwájú. Nígbà tí omi gbé ojúlé ìsàlẹ̀ mì tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ibẹ̀ wá tiwọn lọ, òun ló gbé orin yìí síta:

*Ẹ ò lè gbé wa mì o,*
*Eegun ẹja ni wá;*
*Ọ̀fun tó bá gbé wa mì,*
*Ibẹ̀ la ó há sí.*

Orin náà mi ìlú. Kí ni ìjọba wá ṣe? Wọn ò nà wọ́n. Wọ́n kọ́ Pápá Ẹ̀hónú fún wọn. Wọ́n ta ìbòrí síbẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i, wọ́n ní kí ẹni tí inú ń bí wá síbẹ̀ wá bínú. Ọdọọdún ni wọ́n ń yan ẹgbẹ́ tó bínú dáadáa jù. Àwẹ̀ró gba ife wúrà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e délé, ó gbé e sórí tábìlì, ọkọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì pé nígbà náà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró, a bá wọn jà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ló wá jẹ̀bi?"

Lónìí, bí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ pa dé, orin yẹn ló máa ń dún, wọ́n ti fi dùùrù sí i, ohùn ọmọge kan ń fi dídùn kọ ọ́, kí àwọn èrò lè mọ̀ pé ó tó láti jókòó. Àwọn ọmọ kéékèèké rò pé ọ̀rọ̀ ẹja lásán ni. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ni kò ti dárin mọ́. Nígbà tí Akínlàjà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn jókòó, ìbéèrè kan ló bi í: "Ṣé a máa kọrin?" Akínlàjà ní rárá, mà, a ò ní lanu. Ó ní, "Mo ń bọ̀."

Ọ̀sán ń rọ̀. Ooru mú. Aláboyún kan fẹ́ dá kú, wọ́n bu omi sí i lórí, kò yọ pákò. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin tí Wúràọlá hùmọ̀ fún wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn yòókù sì fi imú gbè é, ó ń rọ́ lọ bí oyin nínú igi:

*Ẹ má kí wa o, a ò tíì fọnu,*
*Ẹ má kí wa o, a ò tíì bọ́jú;*
*Ilẹ̀ tó mọ́ lónìí, tiyín ni,*
*Tiwa ò tíì mọ́.*

Ìgbà yẹn ni ògiri tún sọ̀rọ̀. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀, bí ọmọ tí ń pe ìyá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Dékúnlé, ẹ jọ̀ọ́ mà. Baba ń béèrè yín. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ rí ara yín, bóyá ara wọn á balẹ̀."

Kò sí ìkà nínú Ìyàwó. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Àwo bàbà yẹn mọ́ kedere, ojú Bàbá Dékúnlé sì yọ nínú rẹ̀. Irun funfun rẹ̀ dúró gánrangànran. Ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó dúró létí odò tó ń wá ọkọ̀.

"Àwẹ̀ró?"

Orin imú dákẹ́. Àwẹ̀ró ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó gun àtẹ̀gùn yẹn bí ẹni tí ẹsẹ̀ kì í dùn.

"Àwẹ̀ró, ìwọ nìyẹn? Ẹnì kan ń ti irin bọ̀ mí lẹ́nu. Mo ní mi ò jẹ. Mo ní ìyàwó mi ń bọ̀." Ó sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ kún àwo náà. "Ẹ kú ọ̀sán, abiyamọ. Mo kí ọ."

Láti àádọ́ta ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń kí i báyìí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà. Èsì rẹ̀ ti wà létè obìnrin náà. Ó ti yọ pákò kúrò lẹ́nu. Ó dì í mú lọ́wọ́, etí rẹ̀ ń kù, ó sì gbọ́ tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àwẹ̀ró," ni Wúràọlá pè, jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kò pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó dìde. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Akínlàjà dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rin pákò. Bó bá dáhùn, wọn ò ní bú u. Ó mọ̀. Wọn á sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀, wọn á gbọn ìdí, wọn á lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà ì bá tiẹ̀ rọrùn bí wọ́n bá lè bú u.

"O ò dá mi lóhùn," ni baba náà wí. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Àwẹ̀ró na ọwọ́, ó fi kan bàbà tó gbóná yẹn, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà. Ó mi orí, rárá, rárá, ó ń mì í ṣáá bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó dá pákò padà sẹ́nu, ó sì rin ín, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ rẹ̀.

Baba wò ó títí. Nígbà tó yá, ìwò yẹn yí padà, kì í ṣe ti ẹlẹ́bi mọ́, ó di ti ẹni tí wọ́n fojú di. Ó yí ojú sí ògiri.

"Ẹ fọ ọ́ tán ná, mà," ni Ìyàwó wí. "Mò ń retí yín."

Ìrọ̀lẹ́ dé bí ẹni tí kò fẹ́ dé. Nígbà tí oòrùn wá bọ́ sínú ọ̀sà, kò sí ẹni tó hó. Àwọn èèyàn kàn ń wo ara wọn, pákò lẹ́nu, wọn ò mọ̀ bóyá ó ti tó láti yọ ọ́. Ìlẹ̀kùn kékeré kan ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan sì jáde, ó wọ aṣọ ìjọba, bàtà rẹ̀ há a lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará Ìdí-Ìyeyè. Orúkọ mi ni Fásànyà."

Ẹ̀rù pé ẹ̀rọ lòun náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn. Wúràọlá ló dìde, ó rọra rìn lọ bá a, ó fi ìka tọ́ ọ níkùn.

"Ẹran-ara ni," ló wí. "Ó rọ̀."

Ẹ̀rín bú jáde, ẹ̀rín àwọn tó ti rẹ̀, èyí tó súnmọ́ ẹkún. Àwọn pákò ń bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó wá dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún. Ó ní, "Ẹ má bínú. Mi ò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Wọ́n ní kí n wá bi yín léèrè ohun tí ẹ ń fẹ́."

Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó ti ń pariwo láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n wá ń wo ẹsẹ̀ wọn. Akínlàjà la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. "Ẹ jókòó ná," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣan ẹnu."

Àwẹ̀ró ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bomi sẹ́nu, ó tu ú síta, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbé kúlà rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Dékúnlé. Ṣé ẹ ti fọnu tán?"

"Mo ti fọ ọ́ tán, ìyàwó. O kú ìdúró."

Ìlẹ̀kùn ṣí.

Yàrá náà tutù, ó ń rùn bí irin. Ọwọ́ irin tí í bọ́ aláìsàn ká sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ṣíbí òfìfo ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Dékúnlé kọjú sí ògiri, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwo bàbà.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. "Bàbá Dékúnlé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ kú ebi. Ẹ kú ìfaradà."

Baba ò dáhùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, baálé mi."

Kò yíjú. Ètè rẹ̀ pa dé pinpin. Ó ń gbọ́, etí rẹ̀ mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dáhùn. Àwẹ̀ró wá rí i pé kì í ṣe àìsàn ló ń ṣe é báyìí. Inú ló ń bí i. Ọkùnrin tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń tú lọ bí aṣọ gbígbó kó gbogbo ohun tó kù jọ, ó fi bá a jà.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti sọ. Ó lè ṣàlàyé Ọjọ́ Ìbéèrè, Ilé Dígí, òfin àti pákò. Ó lè ní nítorí tiyín ni mo fi ṣe é. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ló ti ń gbọ́ láti ẹnu ìjọba ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí tiyín ni, nítorí tiyín ni. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó wọ́ orúnkún sún mọ́ ibùsùn, títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀.

"Mo dúró síta, ẹ pè mí, mi ò jẹ́," ló wí. "Ó dùn yín. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Láti ìta, ohùn àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹnì kan, lẹ́yìn náà ẹni kejì, wọ́n ń bá Fásànyà sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí Àwẹ̀ró ò gbọ́ rí lẹ́nu wọn.

"Má lọ," ni baba náà wí sí ògiri.

"Mi ò lọ."

"O lọ lẹ́ẹ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ."

Baba mí kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn, ó ń wá kiri bí ọwọ́ afọ́jú, ó kan gèlè aya rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Kò tíì yíjú. Kò tíì sọ pé òun ti dárí jì í. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lé itan, ó gbé ẹ̀yìn ti ibùsùn, ó sì ń retí rẹ̀.